Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá Lórí Òkun

Àwọn kan ń fọ́nnu káàkiri pé ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀rọ GPS sínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kò nílò ohun mìíràn mọ́. Wọ́n ní kí a ká máàpù òkun kúrò nílẹ̀, kí a sọ kọ́ńpáàsì di ohun ọ̀ṣọ́, nítorí pé sátẹ́láìtì tí ń bẹ lókè mọ ibi gbogbo. Irọ́ ni wọ́n ń pa! Irọ́ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun sì ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ Royal Majesty. Ní ọjọ́ 9 oṣù June, ọdún 1995, ó gbéra ní erékùṣù Bermuda, ó dojú kọ ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 1,509 sì wà nínú rẹ̀. Kò tíì lo wákàtí kan lójú omi tí wáyà tí ó so GPS rẹ̀ mọ́ ẹ́ríà fi já. Ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí? Rárá o! Ó ké fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kọ lẹ́tà wínníwínní sójú ara rẹ̀ pé òun kò gbúròó sátẹ́láìtì mọ́, lẹ́yìn náà ni ó ń fi eré ọkọ̀ àti ìhà tí ó kọjú sí ṣírò ibi tí ó yẹ kí ọkọ̀ wà, láì ka afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi kún. Ẹ̀rọ tí ń tu ọkọ̀ náà gba ìṣírò yìí gbọ́ bí ẹni gba ọ̀rọ̀ wòlíì.

Níbí gan-an ni ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó bá so rédà, rédíò àti ẹ̀rọ atukọ̀ mọ́ GPS kan ṣoṣo kò ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹlẹ́rìí kan ni ó ní, tí ń gba ẹnu mẹ́rin sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa sì ti sọ orúkọ tí à ń pe àgbà tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà! Loran-C, ẹ̀rọ tí ń gba ìró tirẹ̀ láti orí ilẹ̀, ń ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi í wé GPS. Aago tí ì bá kìlọ̀ pé omi ti ń fà, òdo mítà ni wọ́n yí i sí. Àwọn apẹja pè wọ́n lórí rédíò, wọn kò dáhùn. Ọ̀gá kan tí kò rí àmì ojú omi tí ó ń retí tilẹ̀ wí fún ọ̀gá àgbà pé òun rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ gun orí òkìtì iyanrìn nítòsí erékùṣù Nantucket, ó sì fi máìlì 17 jìnnà sí ibi tí wọ́n rò pé àwọn wà. Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa pé ẹnikẹ́ni kò kú.

Wọn yóò ní nǹkan àtijọ́ ni, pé ẹ̀rọ òde òní ti gbọ́n. Ní oṣù June, ọdún 2017, GPS àwọn ọkọ̀ tí ó wà lórí Òkun Dúdú nítòsí Novorossiysk ń sọ pé pápá ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n wà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ! Wáyà kankan kò já lọ́jọ́ náà. Ìró èké ni ó wọlé. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ti pa Loran-C tiwọn dé láti ọdún 2010. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn náà ti kọ ẹ̀kọ́ fífi ìràwọ̀ mọ̀nà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sídìí rẹ̀.

Kí ọlọ́kọ̀ ra GPS kejì, kí ó ní ẹ́ríà tirẹ̀ àti bátìrì tirẹ̀, kí a má sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Kí ó da gbogbo ọ̀nà tí ó ti tò sínú ẹ̀rọ kọ sórí káàdì tí yóò wà nílé. Kí ó so aago ìkìlọ̀ tí yóò jí ẹni tí ó sùn. Kí ó máa fi pẹ́ńsù sàmì sí máàpù ní wákàtí wákàtí. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, kí ó lọ bi àwọn tí ó ni Royal Majesty léèrè iye tí wáyà kan ná wọn.