Ìmọ̀ Tí A Pè Ní Aláìwúlò

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Luke Durant, ṣàwárí nọ́ńbà kan tí ó gùn tó òǹkà 41,024,320. Nọ́ńbà náà kò ṣe é pín dọ́gba, àfi kí a fi 1 tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Irú rẹ̀ ni ìwé ìṣirò ń pè ní prime number, kò sì sí èyí tí ó tóbi tó o tí aráyé ti mọ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí a bá sọ 2 márùn-ún di púpọ̀ pọ̀, a ó rí 32. Bí a bá yọ 1 kúrò, 31 ni yóò kù, 31 kò sì ṣe é pín. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: 2 mẹ́rin á fún wa ní 16, ṣùgbọ́n 15 ṣe é fi 3 pín. Ti Durant, 2 ọ̀nà 136,279,841 ni, kí a tó yọ 1.

Ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́nnẹ́ lè béèrè pé: kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe? Ẹ fún un ní 1909, ọdún tí a bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ìlú náà, kí ó wá nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀ tí ó fi jẹ́ 1909. Yóò làágùn kí ó tó rí 23 àti 83. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní 23 àti 83, kíá ni yóò dé 1909. Àlọ rọrùn, àbọ̀ ni ó nira.

Lórí ìnira àbọ̀ yìí ni Rivest, Shamir àti Adleman gbé àgádágodo kan kalẹ̀ ní 1977. Irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó ń ṣọ́ owó tí ìyá ọlọ́jà ń fi fóònù ránṣẹ́ lónìí. Nọ́ńbà Durant fúnra rẹ̀ kò ṣe é fi ti ilẹ̀kùn, nítorí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní 1940, G. H. Hardy, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Cambridge, kọ ọ́ sínú ìwé pé kò tíì sí ẹni tí ó rí ìlò irú ìmọ̀ yìí fún ogun. Ọdún mẹ́tàdínlógójì péré lẹ́yìn náà ni ìmọ̀ ọ̀hún di olùṣọ́ àṣírí.

Àṣìṣe ni, nígbà náà, kí òbí tàbí ìjọba máa fi owó tí ó ń wọlé lónìí nìkan díwọ̀n ẹ̀kọ́. Awólọ́wọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àti Táí Ṣólàárín tí ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò lè mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi ìmọ̀ ṣe. Síbẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tí ó gbin obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kì í retí èso lọ́dún kan náà. Olùkọ́ tí ọmọ bá bi ní ìbéèrè yẹn, kí ó má ṣe fi ẹgba dá a lóhùn. Kí ó kọ 1909 sí ojú pátákó.