Ìkìlọ̀ Pàtàkì: Ọmọ Tó Ń Sá fún Oúnjẹ, Ẹ Má Pè É Ní Alágídí

Bí ọmọ yín bá ń rù, tó ń sá fún oúnjẹ láìsí ibà, láìsí inú rírun, ẹ má sọ pé fáàrí ọmọge ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ anorexia nervosa. Ẹni tó bá ń ṣe a máa febi pa ara rẹ̀, ẹ̀rù sísanra a sì máa bà á nígbà tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta. Ó wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa èèyàn jù lọ. Àwọn kan, ọkàn wọn ló ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn mìíràn a pa ara wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ ni pé àìsàn yìí máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Cynthia Bulik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ìbejì ilẹ̀ Sweden, tí iye wọn lé ní 31,000. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ipa tí àjogúnbá ń kó nínú rẹ̀ tó ìdá 56 nínú 100. Ní 2019, wọ́n yẹ jíìnì àwọn bíi 17,000 tó ti ṣàìsàn náà rí wò, wọ́n fi wé ti 55,000 tí kò ṣe é, wọ́n sì rí ibi mẹ́jọ tó yàtọ̀. Àwọn jíìnì náà tan mọ́ bí ara ṣe ń lo súgà àti ọ̀rá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ nìkan. Nítorí náà, kì í ṣe agídí, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá tó bí i.

Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn kan máa pè é ní àìsàn òyìnbó, tí ọmọ Yorùbá lè jókòó níwájú dọ́kítà ní London kí ọkàn dọ́kítà má lọ síbẹ̀ rárá. Ó ń mú dúdú, ó ń mú funfun. Ó ń mú ọkùnrin pẹ̀lú.

Ẹni tó jogún rẹ̀ kò ní ṣe é dandan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ebi ló ń jí i: dáyẹ́ẹ̀tì, tíì tí wọ́n fi ń fá ikùn, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Bí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí bá ti ṣe é rí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dọ́kítà mọ̀ sí i. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè fi itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ sọ ẹni tó máa mú. Jíìnì tó dá sí i pọ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ọ́.

Abọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Á gé òkèlè kéékèèké, á fi ẹ̀fọ́ bo àmàlà tí kò jẹ, ẹran á wọ inú tíṣù, tíṣù á wọ àpò. Á ní òun ti jẹun nílé ọ̀rẹ́. Á máa wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, nǹkan oṣù rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Àwọn mìíràn, tí àìsàn oúnjẹ tiwọn yàtọ̀, kì í rù: wọ́n á jẹ àjẹjù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, wọ́n á ki ìka bọ ọ̀fun. Èyí náà ń bá ìdílé rìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ìfẹ́ òbí lè pa ọmọ. Bó bá ti pẹ́ tí kò jẹun, ẹ má fi tipátipá rọ oúnjẹ sí i nínú. Bí oúnjẹ bá ya wọ ara tí ebi ti gbẹ, èròjà fọ́sífeètì inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn lè dúró lójijì. Irú èyí pa nínú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn tó ti yè é bọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti máa bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bó bá dákú, bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ lóru náà. Kí ẹ sì sọ fún dọ́kítà bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé bá ti ṣe é rí. Ẹ má tìtorí ìtìjú fi í pa mọ́.