Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìtìjú Ni Ọ̀tá Àkọ́kọ́

Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń gùn lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ọ̀tọ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn méjìlá fẹ́ gùn tẹ̀lé ara wọn láti Òjóò ní Ìbàdàn títí wọ Ọ̀yọ́ Aláàfin, ọ̀tọ̀ gedegbe nìyẹn. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò kò ní mọ̀ pé ó jìnnà. Á tòògbé díẹ̀ lẹ́yìn Mọ́níyà, kó tó lajú, kọ̀ǹdọ́ ti ń pariwo "Ọ̀yọ́ ti dé o, ẹ má gbàgbé ẹrù yín!" Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn tòògbé. Gbogbo òkè tí mọ́tò ń gùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, orúnkún ni yóò kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà kan rí, kẹ̀kẹ́ lẹsẹ̀ tíṣà, kẹ̀kẹ́ lẹsẹ̀ akọ̀wé kóòtù àti àwọn tó ń ra kòkó káàkiri abúlé. Ẹni tó bá ní Raleigh lásìkò náà, ìkíni rẹ̀ yàtọ̀. Mọ́tò wá pọ̀, ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ di nǹkan ìṣeré ọmọdé. Àfi bí àwọn àgbà ṣe tún padà sí i láìpẹ́ yìí. Àwọn kan ń gùn ún nítorí ikùn tó ń ṣíwájú ẹni tó ni ín wọlé, àwọn kan nítorí dókítà ní kí wọ́n máa lo ara, àwọn mìíràn nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn ń gùn ún. Láàárọ̀ Sátidé ẹ óò rí wọn, aṣọ fún mọ́ wọn lára bí awọ ejò, akoto lórí, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Kò burú rárá. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn bá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó jìnnà."

Ẹ wo Bàbá Ìbejì, tí irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò kankan. Ẹni ọdún 48 ni, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, kìlómítà mẹ́jọ ló ń gùn ní Sátidé, bó bá sì délé, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́, púpọ̀ nínú wọn ò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Ọ̀yọ́ yá. Gbogbo wọn wojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ó lè lọ?" Kí ni kí àgbà wí lójú ọmọdé? Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Ó bá ọ̀rọ̀ náà délé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ní ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé ibo?"

"Ọ̀yọ́ kẹ̀? Ọ̀yọ́ níbí náà ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà léèyàn ń ṣubú. Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Hẹn ẹn, kí ni mo fẹ́ máa ka ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké sí?"

Gbólóhùn yẹn gan-an lorí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe òkè, kì í ṣe oòrùn ló kọ́kọ́ ń dá ẹni tó ń lọ irú ìrìn báyìí fún ìgbà àkọ́kọ́ dúró. Ìtìjú ni. Ojú ń tì í láti ní àkókò kò tó, ojú ń tì í láti sọ àìsàn, ojú ń tì í láti ní kí wọ́n dúró de òun, ojú ń tì í láti sọ̀ kalẹ̀ kó ti kẹ̀kẹ́. Bó bá wá fi ìtìjú gùn ún, á sáré ju agbára rẹ̀ lọ ní ogún kìlómítà àkọ́kọ́, ọgbọ̀n á sì ṣẹ́ kù tí kò ní nǹkan kan tí yóò fi gùn ún. Ibẹ̀ ni yóò ti ku òun nìkan lẹ́yìn, lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà lọ sókè Ọya. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì í gun kẹ̀kẹ́ tààrà. Á máa yà sọ́tùn-ún, á máa yà sósì, bẹ́ẹ̀ tírélà kò ní àyè tó máa fi ta á lọ́rẹ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló dáa. Ẹni tó ń gun kìlómítà mẹ́jọ, kó máa fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, títí tí yóò fi lè gun 35. Láàárín ọ̀sẹ̀, kó tún máa gun díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹsẹ̀ má bàa gbàgbé. Ẹni tó bá ti lè dá gun 35, tó sì tún lè jẹun kó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, 50 láàárín ẹgbẹ́ kò ní pa á. Ọ̀nà tí yóò fi mọ̀ bóyá òun ń sáré jù kò gba ẹ̀rọ: kó sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí kó tó mí, ó ti ń sáré ju ohun tí ara rẹ̀ lè gbé lọ.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n á ní kó má lọ o. Oríṣi oògùn wọ̀nyẹn wà tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ léraléra. Bí oòrùn bá tún wá fa omi tó kù lára, òòyì lè kọ́ni lójú títì. Òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí àyà lù kíákíá, ẹni tó ń lò ó á máa bínú pé òun ò lè sáré bíi tàwọn tó kù, kò mọ̀ pé oògùn ló di òun mú. Dókítà ni yóò sọ bí yóò ṣe lò ó lọ́jọ́ ìrìn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ fo oògùn láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí kẹ̀kẹ́.

Ó ku kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá Ìbejì ti ń ráhùn pé orúnkún ń dun òun, ó sì ti ń rò ó pé ọjọ́ orí ni. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi, arúgbó tó ti lé ní 75.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Gùn ún kí n rí ọ."

Ó gùn ún. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí orí àpótí ìdáná lo jókòó sí? Àgàn ìjókòó yìí ti lọlẹ̀ jù." Ló bá tú u, ló bá gbé e sókè. Ó ní kí Bàbá Ìbejì fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàálì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá nà gbọnrangandan, ó ti tó nìyẹn, nítorí tó bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ wà á, orúnkún á ṣẹ́ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Orúnkún ò dùn ún mọ́. Ọjọ́ orí ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Bàbá yìí kan náà ló sọ pé ọwọ́ òsì ni òun fi kọ́ kẹ̀kẹ́ lójú títì. Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo Nàìjíríà kó láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn tó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ṣáájú ìgbà náà sì tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò títí dòní, nítorí àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí mọ́tò, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń kọjú sí mọ́tò. Kẹ̀kẹ́, ọ̀nà tí mọ́tò ń lọ ni kó máa bá a lọ, ní ọwọ́ ọ̀tún.

Táyà jíjò ńkọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọkanáísà ojú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi ń sáré, ẹnu túùbù wọn tín-ín-rín, ẹnu rọ́bà ẹ̀rọ fọkanáísà kò sì lè gbá a mú, ti mọ́tò ló mọ̀. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lórí tí yóò fi bá ti mọ́tò mu. Owó kékeré ni, kò tó ẹyọ àgbàdo lápò, ṣùgbọ́n àìní rẹ̀ lè sọ ènìyàn méjìlá di ẹni tó ń wo ara wọn lójú lẹ́bàá oko. Kí olúkúlùkù ní túùbù kan lápò, kí páǹpù méjì wà nínú ẹgbẹ́, kí ẹni tí kò bá tíì tú táyà rí sì tú u nílé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di ọjọ́ náà.

Nǹkan kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ní gbangba: ìdí. Ẹni tó bá wọ ṣòkòtò tí ojú rírán rẹ̀ nípọn, kó tó dé Fìdítì yóò mọ̀ pé òun ní ìdí. Ṣòkòtò tó ní tìmùtìmù nínú ló dára, wọn kì í sì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi básílíìnì pa ibi tí ara ti ń ha ara. Kò sí ohun tuntun tó yẹ kó fojú rí ọjọ́ ìrìn o, yálà ṣòkòtò, bàtà tàbí oúnjẹ. Ohun tí ara ti mọ̀ ni kó bá lọ.

Oúnjẹ, kí ebi tó pani ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Okun tó wà nínú iṣan kì í ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ béèyàn bá ń wà á gidi. Ọjọ́ tó bá tán, kì í bẹ̀bẹ̀: ẹsẹ̀ á kú, ojú á ṣú, inú á máa bí èèyàn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìnídìí. Ẹ̀kọ àti àkàrà kí wọ́n tó kúrò nílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá bọ́ sí àsìkò ọsàn ní Fìdítì, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rà á, ìyẹn tó ìrìn lọ́tọ̀. Omi, ìgò méjì lára kẹ̀kẹ́, kí wọ́n máa mu ún lẹ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kí wọ́n gbé píọ̀ wọ́tà mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan náà. Àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni yóò máa fẹ́ kò wọ́n lójú láti Mọ́níyà lọ, ètè á gbẹ, òùngbẹ á sì máa tan èèyàn jẹ nítorí òógùn kò hàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bàjẹ́ jù lọ. Kí wọ́n yan ẹni tó mọ ọ̀nà síwájú, kí wọ́n yan ẹni tó lágbára tó sì ní sùúrù sẹ́yìn pátápátá, tí kò ní kọjá ẹni tó kẹ́yìn láéláé. Ẹni iwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ fún àwọn yòókù, nítorí náà kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn. Bó bá rí kòtò, kó nawọ́ sí i, kó ké, "Kòtò!" kí igbe náà sì lọ láti ẹnu dé ẹnu dé ẹ̀yìn.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi ìsinmi. Àwọn tó yá ẹsẹ̀ dé Akínyẹlé, wọ́n mu omi, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sinmi. Bí Bàbá Ìbejì ṣe yọ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n ti dé, ó yá!" Wọ́n gbéra. Àwọn tí kò rẹ̀ ló sinmi, ẹni tó rẹ̀ kò sinmi rárá. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Fìdítì. Wọ́n rò pé àwọn dúró dè é, wọn ò dúró de ẹnì kankan. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá fẹsẹ̀ kalẹ̀ ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, òun fúnra rẹ̀ ni kó sì wí pé ó yá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun àbúrò. Ọmọ ọdún 27 lè jẹ́ olórí ìrìn, bó bá sì rí i pé ẹ̀gbọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ ọ́. Kí wọ́n ti fẹnu kò nílé pé bí olórí bá ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀," kì í ṣe àrífín, ẹ̀gbọ́n á sì sọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ti gbọ́ nípa ìrìn kẹ̀kẹ́ tí àjọ British Heart Foundation máa ń ṣe nínú oṣù Kẹfà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Brighton létí òkun, máìlì 54, tí wọ́n fi ń kówó jọ fún ìwádìí àrùn ọkàn. Òkè kan wà níwájú kí wọ́n tó dé ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ditchling Beacon. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè náà, wọ́n á máa tò gẹ̀ẹ́rẹ̀ bí ẹni ń ti ọjà bọ̀, wọ́n á sì tún máa dá àpárá. Kò sẹ́ni tó ń bú wọn.

Ní ti àbọ̀, kí wọ́n má purọ́ fún ara wọn pé àwọn á tún gùn ún padà lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní Òjóò, kí wọ́n dá owó rẹ̀ pọ̀, kí nọ́ńbà dírẹ́bà wà lọ́wọ́ olórí ìrìn àti lọ́wọ́ àwọn ìyàwó nílé, nítorí bọ́ọ̀sì yìí kan náà ló lè padà wá gbé ẹni tí kò bá lè dé Ìlọrà. Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n á to kẹ̀kẹ́ sí. Kí ẹnì kan rántí mú okùn àti àkísà dání, kí wọ́n fi sáàárín kẹ̀kẹ́ sí kẹ̀kẹ́, kí ọ̀dà ara wọn má bàa bó.