Àjẹsára Kò Tó Pe Iṣẹ́ Omi Ọmú Lára Ọmọ Àìpéọjọ́

Bóyá ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìlera kan wà tí ó ta gbòǹgbò láàárín àwọn Yorùbá tó àjẹsára. Láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó, níbi tí ẹ̀ka-èdè ti ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ìyálọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mọ ohun tí à ń wí bí a bá dárúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn lójú rẹ̀: ohun tí a jẹ sí ara, tí ó sì ń gbé inú ara ṣọ́nà de àrùn. Àwọn tí ó fà á wọ inú ìmọ̀ ìṣègùn òde òní nígbà tí abẹ́rẹ́ dé kò ṣìṣe rárá. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn olùtumọ̀ tún ń lò ó fún iṣẹ́ tí omi ọmú ń ṣe lára ọmọ tí a bí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Orúkọ ọmọ náà pàápàá ń fẹ́ àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé oṣù rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn fi ń ka oyún, ọmọ tí a bá sì bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé ni wọ́n kà mọ́ irú wọn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 36 ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìyá rẹ̀ lè jiyàn pé oṣù òun pé. Àìpéọjọ́ kò ní fa irú iyàn bẹ́ẹ̀.

Nínú oyún, èròjà agbóguntàrùn ń gba inú ibi ọmọ kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ, oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ni èyí tí ó pọ̀ jù sì ń kọjá. Ọmọ àìpéọjọ́ ti kúrò nílé kí wọ́n tó pín ogún. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú ìfun rẹ̀ kò tíì dí dáadáa, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìjẹrà ìfun, tí ó ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ni àpẹẹrẹ tí ó burú jù. Nínú ìwádìí tí Lucas àti Cole tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1990 lórí ọmọ 926, àìsàn yìí fi ìlọ́po 6 sí 10 wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó mu wàrà agolo nìkan ju àwọn tí ó mu omi ọmú nìkan lọ.

Báwo ni omi ọmú ṣe ń ṣe é? Ní 1961 ni Lars Hanson, ará Sweden, fi hàn pé èròjà agbóguntàrùn tí ó pọ̀ jù nínú omi ọmú yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Inú ọmọ kì í tètè dà á, kì í sì í sábà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ojú ìfun ni ó ń dúró sí, tí ó ń di kòkòrò àrùn mú, tí wọn yóò sì jọ bá ìgbẹ́ jáde. Èròjà mìíràn ń gbá irin mọ́ra kí kòkòrò má baà rí i jẹ. Irú ṣúgà kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà, tí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn kòkòrò rere inú ìfun, tí àwọn wọ̀nyí sì ń gba àyè mọ́ àwọn aṣebi lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò wọ inú yàrá. Ohun tí kò wọ inú ara, báwo ni a ṣe jẹ ẹ́ sí ara? Ẹ̀ṣọ́-ìfun ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ náà mu.

Ẹnìkan lè sọ pé àjẹsára gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, pé àṣejù àwọn onímọ̀ èdè ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀melòó kan ni a ń gba àjẹsára, ó sì parí. Bí agbẹ̀bí kan ní Ọ̀kà bá sọ fún ìyá-ọkọ abiyamọ pé àjẹsára ni omi ọmú, kí ni yóò dá màmá náà dúró kí ó má sọ ní ọjọ́ kẹta pé, “Ṣebí ó ti gba àjẹsára rẹ̀, ẹ fún un lómi àti àgbo díẹ̀”? Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ni ó tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ bá ni a pè é, ó mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ àná kọ́ ni yóò ṣọ́ ilé lónìí. Èyí tí ó bá ìgbẹ́ lọ, òmíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fún omi ọmú fún ọmọ tí kò lè fà á fúnra rẹ̀, tí a ń fi kọ́ọ̀bù tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fún un ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, lóru bí ọ̀sán. Kò ní ṣòro mọ́ láti ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ sè é lórí iná: ẹ̀ṣọ́ ni iná ń bà jẹ́.

Ẹ̀ṣọ́ náà tún mọ ìlú. Kòkòrò tí ó bá wọ inú ìfun ìyá, yálà láti ilé rẹ̀, láti ọjà Ìkàrẹ́ tàbí láti yàrá àwọn ọmọ nílé ìwòsàn, ni ara rẹ̀ ń dá ẹ̀ṣọ́ sí, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ gba inú ọmú. Wàrà agolo tí ó ti òkè òkun wá kò mọ ọ̀tá tí ó wà ní Ìkàrẹ́.

Ó ku omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí jù lọ. Ìdọ̀tí ni àwọn kan ń pè é, wọ́n sì ń fún un dànù. Bí a ti ní àkọ́bí àti àkọ́so, àkọ́mu yẹ ẹ́. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti ìṣègùn ṣì ń dúró de àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Akùngbá, tí yunifásítì wà, kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, kò sì jìnnà sí Ọ̀kà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti mú ẹ̀ṣọ́-ìfun àti àkọ́mu lọ bá àwọn agbẹ̀bí àti àwọn ìyá-ọkọ, kí wọ́n gbọ́ bí wọn yóò ṣe pè é lẹ́nu tiwọn, kí ìwé atúmọ̀ kankan tó gbà á wọlé.