Ẹ Bi Ọmọ Léèrè Ohun Tó Fẹ́ Wádìí

Èmi ni mo ń bá àwọn ọmọ yunifásítì àdúgbò wa tẹ pírójẹ́ẹ̀tì wọn, tí mo sì ń bá wọn dì í ní èèpo líle. Bí wọ́n bá ti ń parí ẹ̀kọ́ báyìí, ṣọ́ọ̀bù mi kì í gbèrò. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni mo máa ń kà, ó sì ti sú mi. "Ipa tí báńkì ń kó nínú ọrọ̀ ajé ìjọba ìbílẹ̀ Báyìí." Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ni, ṣùgbọ́n orí kìíní títí dé ìkarùn-ún kò yàtọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bi mí bóyá ti èṣí ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, kí n kàn bá wọn pa orúkọ dà. Ó wà níbẹ̀; n kì í fún wọn.

Ẹ̀bi àwọn ọmọ náà kò tó nǹkan lójú tèmi. Olùkọ́ a lẹ àkọlé mọ́ ara ògiri, kálukú a mú èyí tó bá kàn án. Ta ló máa tìtorí ìbéèrè tí kì í ṣe tirẹ̀ pa oorun tì?

Ọmọbìnrin kan wà tó ka kẹ́mísírì. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kọ́sítíìkì sódà tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò láyé òde òní sì ń bó ìyá náà lọ́wọ́. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá eérú lè gba ipò kọ́sítíìkì. Inú iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé aró ẹlú kì í yòrò nínú omi lásán: omi eérú àti ìkòkò tó ti kan dáadáa ló ń mú un yòrò, kó lè ráyè wọ inú òwú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde bí àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni, tí omi kò sì ní lè fọ̀ ọ́ dànù mọ́. Ó sun èèpo kòkó, ó sun igi oríṣiríṣi, ó sẹ́ omi eérú wọn, ó sì fi bébà tó ń pa àwọ̀ dà wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le tó. Ó gé aṣọ tó rẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà. Bó bá rí àṣìtẹ̀ ẹyọ kan, á ní kí n tún odidi ojú ìwé tẹ̀. (Ó yọ mí lẹ́nu o, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.)

Wọ́n á ní owó kò sí, wọ́n á ní akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù fún olùkọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bákẹ́ẹ̀tì àti eérú lọmọ yìí fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Alábòójútó rẹ̀ ló gbà kó ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó lẹ àkọlé ti ọdún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi mú ìbéèrè tiwọn wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe san owó fún ẹni tó ń bá ọmọ yín kọ pírójẹ́ẹ̀tì mọ́.