Ìyáàlù Nìkan Kọ́ Ni Dùndún

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń rí nípa ìlù ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n a ń fà á sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ń bá òun wí. Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé wa. Ẹgbẹ́ kan tí àwa pẹ̀lú wà nínú rẹ̀ dá owó jọ láti ra ìlù fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tí a rán lọ sí ọjà padà dé pẹ̀lú gángan mẹ́ta, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni a ní kí àwọn rà, òun náà ni àwọn sì rà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lù wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìyàwó ilé mẹ́ta tí ń jà. Àgbà onílù kan tí ó jókòó níbẹ̀ rọra bi wá pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, èwo nínú wọn ni yóò máa gbè?" A kò rí èsì fún un.

Dùndún kì í ṣe orúkọ ìlù kan ṣoṣo. Orúkọ agbo ni. Ìyáàlù ni olórí wọn, òun ni a ń gbé kọ́ èjìká, tí a so ṣaworo mọ́ létí. Ọwọ́ kan ń fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ lù ú, ọwọ́ kejì ń fún ọṣán tí ó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀: bí a bá fún un, ohùn a gòkè, bí a bá dẹ ọwọ́, ohùn a wálẹ̀. Èyí ni ó fi ń pe oríkì tí orí ẹni a fi wú. Gángan kéré jù ú lọ, abẹ́ apá ni a ń há a mọ́, òun náà sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ tín-ínrín. Lẹ́yìn èyí ni kẹríkẹrì, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àti ìṣáájú, àti kànnàngó kékeré. Nínú agbo, a máa ń di ọṣán àwọn wọ̀nyí ní ìbàdí kí ohùn wọn má baà yí padà, nítorí iṣẹ́ tiwọn ni láti dúró sójú kan nígbà tí ìyá wọn bá ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú ni ó dá yàtọ̀ láàrin wọn: ojú kan ni ó ní, ọrùn ni a ń gbé e kọ́, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a fi ń lù ú, a sì ń lẹ ìda mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàrin wọn, kí ẹ wá wo bí ẹsẹ̀ oníjó yóò ti máa wá ilẹ̀ kiri.

Àwọn òyìnbó kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn. Wọ́n ní ohun èlò olókùn kékeré kan tí ń jẹ́ mandolin, okùn mẹ́jọ ni ó ní, a tò wọ́n ní méjì méjì, ohùn wọn sì bá ti gòjé òyìnbó dọ́gba. Àbúrò rẹ̀ kọ́ ni mandola, ẹ̀gbọ́n ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù ú lọ. Mandocello sì tún wálẹ̀ ju mandola. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, odindi ẹgbẹ́ akọrin ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi àwọn wọ̀nyí dá sílẹ̀, olúkúlùkù mọ orúkọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ipò rẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ yóò ti máa bi wá pé bàtá ńkọ́. A kò gbàgbé rẹ̀. Bàtá kò ní ọṣán tí a lè fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ geerege bíi ti dùndún. Etí tí a fi kọ́ ni ó ń gbọ́ ọ. Ojú ńlá àti ojú kékeré ni ó ní, ìyáàlù rẹ̀ sì ní omele tí ń tẹ̀lé e. Ìlù Ṣàngó ni, ìlù Egúngún sì ni pẹ̀lú. Bí a bá bi wá léèrè, àwa yóò sọ pé dùndún ni ó dára jù fún oríkì, bàtá ni ó dára jù fún ẹsẹ̀. Kí ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ parí ìyókù láàrin ara wọn. Ní 2023, àjọ UNESCO fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí ayé ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jù ni ti Cuba. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú dé ibẹ̀ kò gbé ìlù kankan lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tún un gbẹ́: iyá, itótele, okónkolo. Ní 1936, nígbà tí Fernando Ortiz mú un jáde ní gbangba ní Havana, mẹ́ta náà ni ó mú jáde. Àwọn wọ̀nyẹn la òkun kọjá, wọn kò sọ ọmọ kankan nù. Àwa tí ìlú wa méjèèjì fi díẹ̀ ju máìlì 30 lọ síra wọn ń fi orúkọ kan pe gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ọmọ ilé Àyàn kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlù kékeré ni a ń gbé lé e lọ́wọ́, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ kí ó tó gbé ìyá kọ́ èjìká. Bí ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ bá ń ra gángan nìkan, àwọn agbẹ́gilére yóò dẹ́kun àtigbẹ́ gúdúgúdú, níbo ni ọmọ yóò ti kọ́ iṣẹ́? Nígbà kan rí, ìjọ kò fẹ́ gbọ́ ohùn ìlù rárá, wọ́n ní ti òrìṣà ni. Lónìí a ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹnì kan ṣoṣo nínú ìdílé ni a sì jẹ́ kí ó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé iṣẹ́ ìlù kò yẹ ọmọ ènìyàn pàtàkì, kí ó rántí Ọba Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó gorí oyè ní 1946, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń di owó mú, bí owó kò bá tó ra agbo, ẹ ra ìyáàlù kan, kànnàngó kan àti gúdúgúdú kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tiwa ti dá owó mìíràn. Gángan kan ni a ó fi sílẹ̀, a ó bẹ ẹni tí ó tà wọ́n kí ó gba méjì padà, àgbà onílù tí ó bi wá ní ìbéèrè ni yóò sì tẹ̀lé wa lọ sí ọjà.