Èrò Wa Lórí Sinimá Márùn-ún

Ọ̀rọ̀ sinimá ni a fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn àgbà wa kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí ohun tí ó yẹ ìwé ìròyìn àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ń wí pé eré ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni, àti pé ẹni tí ó bá ń wo àwòrán lóru kò ní lè ka ìwé ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ lọ́la ni yóò ti wo sinimá kí wọ́n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Inú rẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ oríkì, ọfọ̀ àti òwe tí ẹnikẹ́ni kò pa fún wọn nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mìíràn ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú wa, ó sì tọ́ kí a yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò. Sinimá márùn-ún ni a mú, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn ni Sanders of the River, tí àwọn òyìnbó ṣe ní ilẹ̀ England ní ọdún 1935. Zoltan Korda ni ó darí rẹ̀, láti inú àwọn ìtàn tí Edgar Wallace kọ. Nàìjíríà ni wọ́n pe ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n England ni wọ́n kọ́ abúlé inú rẹ̀ sí. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe Bosambo. Orlando Martins, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1899, náà kó ipa kékeré níbẹ̀. Orin Robeson dùn mọ́ wa létí, a kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn náà wí? Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Sanders, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, bá wà lẹ́bàá odò, àlàáfíà wà; bí ó bá yí ẹ̀yìn padà, ogun dé, àfi ìgbà tí ó bá tún padà wá. Àwọn ènìyàn dúdú inú rẹ̀ kò ní ìgbìmọ̀ kan tí ó lè dá ìjà dúró. Àwa tí àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ Mèsì àti Ògbóni kí òyìnbó tó dé, báwo ni a ó ti gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Robeson fúnra rẹ̀ kò dunnú sí ohun tí wọ́n fi ipa rẹ̀ ṣe, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, a kò ní kí a sun ún níná. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi í han àwọn ọmọ kíláàsì gíga, kí olùkọ́ sì bi wọ́n léèrè pé: ta ni a gbà láyè láti ronú nínú ìtàn yìí, ta ni a kò sì gbà láyè? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, ó ṣòro kí a tó fi àwòrán tàn án jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Hubert Ògúńdé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti ṣe olùkọ́ àti ọlọ́pàá rí kí ó tó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́. Ní ọdún 1979 ni sinimá rẹ̀ tí a ń pè ní Aiyé jáde, Ọlá Balógun sì ni ó bá a darí rẹ̀. Ògúńdé ni ó ṣe babaláwo tí ń gba àwọn ará ìlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́. Ní ti èdè, ijó àti orin, a dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yìí. Ọfọ̀ ẹnu rẹ̀ ń tò tẹ̀lé ara wọn bí omi tí ń ti orí òkè ṣàn bọ̀, ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ kò ní pe Yorùbá ní èdè tálákà mọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀nà àwa àti rẹ̀ ti yà. Bí ikú bá pa ọmọ nínú sinimá náà, bí ọrọ̀ bá bàjẹ́, bí ìgbéyàwó bá tú, ọwọ́ àjẹ́ ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá wo irú èyí láti kékeré, bí ibà bá pa àbúrò rẹ̀, ta ni yóò wò lójú? Ìyá arúgbó tí ń dá gbé lẹ́yìn ilé ni. Ẹ̀fọn ni ó gbé ibà wá, ìyá náà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni òkúta yóò bà. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó láti lọ fi kọ́ àwọn ọmọ kò lè fi ẹnu kan yin sinimá yìí kí a má sì fi ẹnu kan náà kìlọ̀.

Ìkẹta ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1993, tí orúkọ rẹ̀ ti inú ìwé Sáàmù wá. Àwọn kan parapọ̀ láti ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà, kí a lè fi kọ́ ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kareem Adépọ̀jù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Wándé, ni ó ṣe Olóyè Aṣíyanbí, a kò sì tíì rí olè tí ó pa wá lẹ́rìn-ín tó o. Ẹ̀rín yìí gan-an ni iṣẹ́ rere sinimá náà. Ẹ̀rù Aṣíyanbí ń bà á, ojú ń tì í, síbẹ̀ kò fẹ́ ronú pìwà dà, a sì mọ irú rẹ̀ ní ìlú wa. Àléébù ibẹ̀ ni pé apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ní apá kìn-ín-ní ti di àlọ́ tí kò fẹ́ parí nígbà tí ó fi máa dé apá kẹta. Bí a bá se ọbẹ̀ dáadáa, kò yẹ kí a bu omi lé e nítorí pé àlejò pọ̀.

Ìkẹrin ni Ṣaworoidẹ, ti Kèlání kan náà, ní ọdún 1999. Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Yorùbá, ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá ìlú mulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí ó lè rí ààyè kó owó jẹ. Àwọn tí ń gé igi inú igbó ń fún un lówó, àwọn ìjòyè ń bá a jẹ ẹ́, ìlú sì ń kú lọ. Nígbẹ̀yìn, sójà kan tí ń jẹ́ Lágàtà gba adé, ìlù onísaworo idẹ sì pa á. Nínú gbogbo sinimá Yorùbá tí a ti wò, èyí ni a fi ṣe àkọ́kọ́. Ọdún tí ó jáde gan-an ni ìjọba ológun kúrò ní Nàìjíríà, kò sì sí òǹwòran tí a ní láti túmọ̀ Jogbo fún. Síbẹ̀ a ní ẹjọ́ kan láti bá a rò. Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ìlù ni ó pa Lágàtà? Àwọn ọ̀dọ́ Jogbo ti dìde, wọ́n ti fi ẹ̀mí wéwu, ṣùgbọ́n agbára ìlù ni ó parí iṣẹ́ náà. Àwa ń bẹ̀rù kí òǹwòran má baà padà sílé láti lọ dúró de ìlù tirẹ̀. Ìlù kò lè ṣe iṣẹ́ ará ìlú.

Ìkarùn-ún ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí ó jáde ní ọdún 2022, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí Biyi Bándélé tí ó darí rẹ̀ ti kú. Inú eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní èdè òyìnbó, tí a tẹ̀ ní ọdún 1975, ni ó ti wá. Ìdí ìtàn náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ọdún 1944. Dúró Ládípọ̀ ti fi ìtàn kan náà ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Inú wa dùn pé Bándélé dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu àwọn tí ó ni ín. Ẹlẹ́ṣin àti Ìyálọ́jà ń sọ Yorùbá, àwọn òyìnbó ń sọ tiwọn, olúkúlùkù kò sì gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n ó yá jù fún wa. Aṣọ ń dán, ọjà kún, ṣùgbọ́n ẹni tí ń múra àtikú gbọ́dọ̀ rí ààyè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbé wa lọ́kàn jù ni Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, tí ó lọ kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ òyìnbó, tí ó sì padà wá kú ní ipò bàbá rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní òmùgọ̀ ni, àwọn kan ní akọni ni. Kíláàsì tí kò bá jiyàn lórí Olúńdé, olùkọ́ ibẹ̀ sùn lọ ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa mìíràn wà tí ń wí pé sinimá òyìnbó nìkan ni ó ní láárí, pé ti Yorùbá wà fún àwọn aláìmọ̀wé. Ẹ̀yin náà ẹ dákun. Bí a ti rí òtítọ́ díẹ̀ àti irọ́ púpọ̀ nínú ti Korda, bẹ́ẹ̀ ni a rí ọgbọ́n púpọ̀ àti àṣìṣe díẹ̀ nínú ti Kèlání. Ibi tí sinimá ti wá kọ́ ni a fi ń dá a lẹ́jọ́. Ohun mẹ́ta ni kí olùkọ́ máa wò: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni a di ẹ̀bi rù, àti kí ni ọmọ yóò lọ ṣe nígbà tí iná bá tàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ti fi ìyà jẹ Ògúńdé, tàbí pé a ti yin Ìṣọ̀lá jù, kí ó kọ tirẹ̀ sí olóòtú kí ìwé ìròyìn tí ń bọ̀ tó jáde. Ẹjọ́ ẹnì kan dá ni a ti gbọ́ yìí o, àgbà òṣìkà sì ni ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ ẹnì kan dá.